Àgò ike inú eegun ọrùn: ta ló ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Láti 2023 tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí àgò PEEK (irú ike líle kan) oníhò wẹ́wẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Curiteva fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde fún ọrùn, ìròyìn ike inú eegun ẹ̀yìn kò tíì rọlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ọjà Arzèkè, ní Parakou, níbi tí iṣu ti ń gun orí àwọn ìyá, lè rò pé ike ló ń rọ́pò eegun. Rárá o.

Dókítà á yọ dískì, ìyẹn tìmùtìmù àárín eegun ọrùn, tó ti bàjẹ́, á ki àgò kékeré sáàárín eegun méjì, á sì ki eérún eegun sínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìbàdí aláìsàn ni wọ́n ti ń bù ú. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, eegun tuntun á hù la inú àgò kọjá, méjì á di ọ̀kan. Àgò kàn ń di àyè mú ni. Bí eegun bá kọ̀ tí kò hù, àgò olówó iyebíye ò wúlò.

Kí ló dé tí wọn ò fi irin ṣe é? Wọ́n ń fi irin ṣe é náà. Ṣùgbọ́n titanium le tó 110 gígápascal, eegun líle ò ju bí 20 lọ, PEEK sì wà láàárín 3 sí 4. Eegun ń fẹ́ ẹrù: bí irin bá dá gbogbo rẹ̀ rù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kó eegun ibẹ̀ kúrò. Irin líle tún lè rì wọnú eegun. PEEK, tí ilé-iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe ní 1978, máa ń gbà fún ẹrù díẹ̀, bí òṣùká.

Àléébù rẹ̀ ni pé eegun kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹran tín-ínrín bí ojú àpá ló sábà máa ń yí i ká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lu ihò sí i, tàbí tí wọ́n ń fi titanium bò ó. Ìdánwò lára ẹranko wuni, àmọ́ èmi ò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí lára ènìyàn.

Ẹrù orí wá ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 lórí àwọn aláàárù igi ní Congo rí i pé eegun ọrùn wọn bàjẹ́ ju ti àwọn tí kì í rẹrù lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọrùn tó ń dunni kò nílò iṣẹ́ abẹ.

Lójú tèmi, ohun tó lè mú PEEK wúlò jù níbi tí ẹ̀rọ CT kò ti wọ́pọ̀ ni pé X-ray ń là á kọjá. Titanium á ṣíji bo eegun tuntun. Nínú PEEK, dókítà á rí i bóyá ó ti hù. Àgò fúnra rẹ̀ kì í hàn rárá, àfi abẹ́rẹ́ irin tantalum kéékèèké tí wọ́n ti kàn mọ́ ọn.