Àwọn Ọkọ̀ Ogun Tó Wà Nísàlẹ̀ Scapa Flow

Ọkọ̀ ogun Jámánì 74 ni wọ́n dá dúró sí Scapa Flow, ní Orkney ní ilẹ̀ Scotland, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1919, ọ̀gágun wọn, Ludwig von Reuter, pàṣẹ pé kí wọ́n ri gbogbo wọn kó má baà di ti ọ̀tá. 52 ló rì. Wọ́n ti fa èyí tó pọ̀ jù jáde, wọ́n tà á bí irin àlòkù. Méje nínú àwọn ńláńlá ṣì wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó tóbi jù dojú dé.

Àwọn omùwẹ̀ ń lọ wò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ọmọdé o. Òtútù omi náà pọ̀, nítorí náà aṣọ tí omi kì í wọ̀ ni wọ́n ń wọ̀; afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti aṣọ abẹ́ rẹ̀ ló ń mú ara móoru. Ní ìsàlẹ̀ tó jìn tó mítà 40, afẹ́fẹ́ tí èémí kan ń gbà tó ti èémí márùn-ún lókè. Náítírójìn inú rẹ̀ á máa wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara lọ. Ẹni tó bá sáré gòkè, á hó nínú ara rẹ̀ bí mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó lè rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀, ó lè pani. Bí òtútù bá sì mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nígbà tí à ń gòkè, ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣàn débẹ̀ dáadáa, náítírójìn náà kò ní tètè jáde.

Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ohunkóhun nínú àwọn méje náà. Ní ti HMS Royal Oak, tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì níbẹ̀ ní 1939, tí ènìyàn tó lé ní 800 kú, ibojì ni wọ́n kà á sí. Omùwẹ̀ lásán kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.