Ta Ló Mú Rọ́ọ̀kì Wọ Èkó? Àríyànjiyàn Àwọn Àgbà Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan sọ ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà tó lọ sí èbúté Àpápá, tí èmi pẹ̀lú sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti wá ibòji, ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta fóònù àlòkù gbé sípíkà sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi orin ìwòyí di gbogbo wa létí. Bàbá náà, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ẹrù ní èbúté kí ó tó fẹ̀yìn tì, wò ó títí, ó mi orí, ó sì wí pé ariwo lásán ni èyí, àti pé àwọn tí wọ́n ti fojú ara wọn rí BLO lórí ìtàgé, tí gìtá Berkley Jones sì ti mì wọ́n láyà, kò ní pe irú rẹ̀ ní orin títí tí wọn yóò fi re ibi àgbà ń rè. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, BLO wo nìyẹn?" Ojú tí bàbá fi wò mí, ojú tí a fi ń wo ẹni tó bú baba ẹni ni.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí má baà jókòó sínú òkùnkùn, ọkùnrin mẹ́ta péré ni BLO: Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ló ń lu ìlù, Mike Odumosu ló sì ń ta báàsì. Nígbà tí ọdún 1972 ń lọ sópin ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ EMI sì gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973, ohun tí àwọn ènìyàn bá nínú rẹ̀ kò jọ jùjú, kò jọ háílàìfù, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ àpàlà. Gìtá ni ń sọ̀rọ̀, gìtá náà ni ń sunkún, ohùn ènìyàn a sì máa dúró dè é títí yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Pink Floyd àti Yes àti Genesis ni àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́ tẹ̀ lé nítorí irú eré bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, BLO ni, àti Monomono tí Joni Haastrup jẹ́ olórí rẹ̀, àti àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Ofege, tí mo ń bọ̀ wá bá láìpẹ́.

Èbúté Àpápá, tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1921 tí ó sì di lílò ní 1926, ni ó kó Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá jọ sí Ajégúnlẹ̀. Ohun tó kàn wá nínú ìtàn yẹn kò ju èyí lọ: Wharf Road ní Àpápá yìí kan náà ni EMI kọ́ sitúdíò rẹ̀ sí, tí ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ èbúté bọ̀ lè máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibi tí orin ti ń jáde wá sáyé láìmọ̀.

Bàbá wa mọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní bí àwọn bá ti gba owó tán, àwọn ọ̀dọ́ àárín àwọn a wẹ̀, wọn a wọ ṣòkòtò lábú tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀, wọn a ki ẹsẹ̀ bọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga, wọn a fi ìyarun fẹ irun áfúrò títí yóò fi yí orí ká, wọn a sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá sọdá sí Marina, kí wọ́n tó wá ọ̀nà ibi tí eré bá wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Náírà àti kọ́bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè ní oṣù kìíní ọdún 1973, bàbá sì ní àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì a máa fi ìṣirò ọ̀hún rẹ́ àwọn jẹ gidigidi. Àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí kì í dúró de alẹ́ ní tiwọn: ọ̀sán Sunday, èyí tí wọ́n ń pè ní afternoon jump, ni wọ́n ń lọ, kí ọmọ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lè jó dáadáa, kí ó sì ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ìyá rẹ̀ má baà fura.

Ìrántí kan wà tí bàbá gbé sọ́wọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní eré ń lọ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ni iná bá lọ lójijì. (Orúkọ ilé-iṣẹ́ oníná ti di NEPA ní 1972, ṣùgbọ́n ECN ni bàbá ṣì ń pè é títí di òní olónìí.) Gìtá dákẹ́, báàsì dákẹ́, sípíkà gbogbo kú, ṣùgbọ́n ìlù kì í jẹ iná, onílù kò sì dá ọwọ́ dúró. Òkùnkùn biribiri ni gbogbo gbọ̀ngàn náà wà, ẹnikẹ́ni kò jáde, ẹnikẹ́ni kò bínú, gbogbo èrò ń pàtẹ́wọ́ mọ́ ìlù, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí iná fi dé, tí gìtá sì bọ́ padà sínú orin ní ojú ibi tí ó yẹ kí ó wà gẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, BLO ni ẹgbẹ́ tó ń ṣeré. Nígbà tí yóò fi parí rẹ̀, ó ti di Monomono. N kò bi í léèrè, nítorí omi ti lé sí i lójú.

Níbẹ̀ ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó dúró ti fẹ́ńdọ̀ tí ó ń ka ìwé ìròyìn tí kò rà, ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ta ni ìbá mọ rọ́ọ̀kì ní Èkó? Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà já wá síbí ní 1971. Ó bá Fẹlá ṣe àwo. Ó dá ẹgbẹ́ Salt sílẹ̀, nínú èyí tí Jones àti Akins ti bá a ṣeré kí BLO tó wà. Ó sì kọ́ sitúdíò ARC sí Ìkẹjà. Tíṣà ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka ọwọ́, ó wá ká ìwé ìròyìn náà, ó fi lé fẹ́ńdọ̀ lọ́wọ́, ó dúró kí a gbà fún òun.

Bàbá kò gbà. "Tíṣà, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kò wo ilé kí ẹ tó pe ọmọ yìí ní ọmọ òyìnbó." Ó ní ní 1966, kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀, Geraldo Pino àti ẹgbẹ́ Heartbeats rẹ̀ ti dé sí Èkó láti Sàró pẹ̀lú ohun èlò oníná tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, débi pé Fẹlá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin náà kó ìdààmú bá òun. Nígbà náà lọ́hùn-ún ni ẹgbẹ́ Clusters ti ń kọ orin Beatles àti Rolling Stones fún àwọn ọmọ Èkó, tí wọ́n sì bá Pino ṣeré. Inú Clusters yìí sì ni Jones àti Akins ti wá. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí ni Ginger Baker wá kọ́ wọn? Bàbá tún fi ọ̀kan kún un, èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: pé àwọn atukọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó àwo Jimi Hendrix bọ́ sílẹ̀ ní Àpápá, tí wọ́n ń fi wọ́n pààrọ̀ ọtí àti oúnjẹ, àti pé àwọn alágbàrù ti gbọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀ kí àwọn ọmọ olówó Ìkòyí tó gbọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá mú àwo kan ṣoṣo jáde nínú wọn.

Màmá kan tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò jẹ́ kí a rí ìdí ẹjọ́ yẹn. Ó ní ẹnu lásán ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ní. Bí kì í bá ṣe ariwo àwọn ọmọbìnrin, ta ni ìbá mọ ẹgbẹ́ kankan? Ofege ni tirẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College ni àwọn ọmọkùnrin náà, Melvin Ukachi sì ni olórí wọn. Odion Iruoje ti EMI ló gbà wọ́n wọlé tí ó sì bá wọn ṣe Try and Love ní Àpápá ní 1973, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń ka ìwé ìdánwò. Màmá ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun yọ́ kúrò nílé láti lọ wò wọ́n, àwọn sì pariwo títí ohùn fi há pátápátá, tí òun kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún ìyá òun ní ọjọ́ kejì ju kí òun fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun. Láti ìgbà náà, ó ní, ọkùnrin kankan kò tíì ta gìtá fún òun mọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti ń sọ ọ́, níbi tí baálé rẹ̀ jókòó sí tí ó ń fi ọwọ́ lẹ eṣinṣin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Paul McCartney ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, òyìnbó olórin náà, ọ̀kan nínú àwọn Beatles àná, gbé Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine wá sí Èkó láti ṣe àwo ẹgbẹ́ Wings, lẹ́yìn tí méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìrìn-àjò kù sí dẹ̀dẹ̀. Sitúdíò EMI ní Wharf Road ni ó ti ṣiṣẹ́, àwo náà, Band on the Run, sì jáde ní oṣù kejìlá, òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Bàbá ní òun rí i. Mo gbà fún un, nítorí gbogbo alágbàrù tó ṣiṣẹ́ ní Àpápá lọ́dún náà ni ó rí i. Bí a bá ní kí wọ́n tò, ìlà wọn á dé Mile 2. Wàyí o, gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn olè dá McCartney àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọ̀bẹ, wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gba ìwé tí ó kọ orin sí àti kásẹ́ẹ̀tì tí ó fi gbà wọ́n sílẹ̀. Bàbá ní Àpápá ni ó ti ṣẹlẹ̀, pé ọmọ àdúgbò ni olè náà, pé òun mọ ilé tí wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún pamọ́ sí. Tíṣà fi ọwọ́ lé àyà: Ìkẹjà ni àwọn òyìnbó náà gbé, wọn kì í fẹsẹ̀ rìn láti Àpápá relé! Tíṣà ló jàre níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ọkàn ènìyàn ti rí, tí àdúgbò kan yóò fi máa du ẹ̀tọ́ sí olè, kí ó sáà lè ní ìpín nínú orin.

Wọ́n bọ́ láti orí olè sí orí Fẹlá, ẹni tí ó lọ bá McCartney ní sitúdíò náà, tí ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú gbé. McCartney ní kí ó jókòó kí ó gbọ́ ohun tí òun ti ṣe, Fẹlá sì gbọ́, kò bá ohun tí ó jọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Tíṣà ní Fẹlá ṣàṣejù. Bàbá dáhùn pé bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, pé kì í ṣe McCartney ni Fẹlá ń bá wí, gbogbo òyìnbó tó ń sọ̀ sí Èkó lọ́dún wọ̀nyẹn ni. Ginger Baker pàápàá, tí inú rẹ̀ kò dùn pé McCartney kò lo ARC tòun, gbà á ní àlejò fún orin kan ṣoṣo, ó sì mi agolo tí wọ́n bu òkúta wẹ́wẹ́ sí nínú orin ọ̀hún.

Èmi tí mo jókòó láàárín wọn, ọ̀dọ̀ bàbá ni mo tẹ̀ sí, àwo Hendrix tí kò lè mú jáde kò sì yí mi lọ́kàn padà. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé ìsun. Onílù tó ti gba orúkọ káàkiri ayé kì í la aṣálẹ̀ já láti wá kọ́ ìlú tó dákẹ́ ní orin. Ó gbọ́ ohun kan níhìn-ín ni ó ṣe wá. Ọ̀dọ́ Èkó tó ti ń fi ojoojúmọ́ kọ orin olórin fún ọdún mélòó kan, ọjọ́ tí yóò kọ tirẹ̀ kò jìnnà mọ́, Range Rover ìbáà dé tàbí kí ó má dé.

Ohun tó pa eré náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Dísíkò dé, Odumosu lọ bá Osibisa, BLO pàápàá yí sí orin ijó kí ẹgbẹ́ náà tó túká. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba pè ní SAP sọ náírà di yẹpẹrẹ ní 1986, gìtá kan di ohun tí ọmọ alágbàrù kò lè fojú sùn mọ́. Nítorí náà, nígbà tí Ajégúnlẹ̀ tún gbé orin tirẹ̀ dìde ní àwọn ọdún 1990, tí Daddy Showkey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gálálà gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan, ẹnu àti ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é. N kò bú wọn. Síbẹ̀, ó ń dùn mí pé ọmọdé tí wọ́n bí ní Mba Street lónìí lè dàgbà di géńdé láì rí ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n fi ọwọ́ lásán mú gbọ̀ngàn kan mì. Ẹ̀yin tí ẹ sì jó Shinamania ní 1989, ọwọ́ ẹlẹ́rọ́ọ̀kì ni ẹ jó sí: Laolu Akins yìí ni ó darí iṣẹ́ àwo Ace fún Shina Peters.

Àwọn aláwo òkèèrè ti kó àwọn orin rọ́ọ̀kì ọ̀hún jáde lẹ́ẹ̀kejì, Soundway ní 2008, Now-Again ní 2016 pẹ̀lú ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ sí i, òkèèrè náà ni wọ́n sì ti ń rà á jù. Ní tiwa níhìn-ín, bàbá ní òun ní fọ́tò kan, àgbàrá gbé e lọ. Màmá ní òun ní tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá òun fi dáná. Tíṣà kò ní ju ohun tí ó kà lọ. Bí fọ́tò eré, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ìpolówó tàbí àwo BLO, Monomono tàbí Ofege bá wà nínú àpótí yín ní Àpápá, ní Olódì tàbí ní Ajégúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fún oníra àlòkù: ẹ gbé e wá sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, a ó ya àwòrán rẹ̀ lójú yín, ẹ ó sì gbé e padà lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.