Ekòló Rọ́bà Ló Mú Kí Ọmọ Mi Tún Bá Mi Sọ̀rọ̀

Oòrùn ò tíì yọ dáadáa. Òtútù ń mú díẹ̀díẹ̀, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì dúró sétí adágún odò kan tí kò jìnnà sílùú Tyler, ní ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Omi náà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn síta. Koríko ló bò ó láti etí bèbè dé ibi tójú wa ríran dé. Ọmọ mi wo koríko náà, ó wo ọ̀pá ìpẹja tó wà lọ́wọ́ mi, ó wá ní: “Dádì, ṣé inú igbó yìí lẹ fẹ́ ju ìwọ̀ sí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ìbéèrè náà pa mí lẹ́rìn-ín o. Ohun tó múnú mi dùn ni pé ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí ọmọ yìí ti bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bí nǹkan ṣe rí nílé wa

Lokoja ni mo dàgbà sí, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, bàbá mi á mú mi lọ sétí odò ká lè ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Bá a ṣe ń lọ, tá a sì ń bọ̀, ọ̀rọ̀ là ń sọ. Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa bàbá mi, ojú ọ̀nà odò yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí èmi náà wá di bàbá nílùú Dallas, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Tí mo bá ń wọlé láàárọ̀, ọmọ ń jáde lọ síléèwé. Tó bá fi máa dé, mo ti sùn. Owó iléèwé ò wọ́n wa, oúnjẹ ò wọ́n wa, àmọ́ ilé dákẹ́. Bí mo bá kí ọmọ náà, “ẹ kú iṣẹ́” lásán ló máa fi dá mi lóhùn, á sì padà sídìí fóònù ẹ̀. Ìyàwó mi ló là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní: “Dádì wọn, ẹ̀ ń gbọ́ bùkátà ọmọ yìí lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó wọlé, ó gbé ọ̀pá ìpẹja méjì àti àpò ekòló rọ́bà kan jáde, ó ní: “Mú un lọ sódò.” Ìrọ̀lẹ́ méjì ló fi kọ́ mi lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ẹja wo là ń wá?

Ẹja tí wọ́n ń pè ní bass là ń wá, pàápàá oríṣi tí ẹnu rẹ̀ tóbi. Ara rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ilà dúdú kan sì fa láti orí rẹ̀ lọ dé ìdí ìrù. Tó bá pa ẹnu dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń gùn kọjá ojú rẹ̀. Ó lè dàgbà gan-an. Ní June 2, 1932, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Perry pa ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ Georgia tó wúwo tó kílò mẹ́wàá. Ọdún 2009 ni Manabu Kurita tó rí òmíràn tó bá a dọ́gba ní adágún Biwa, lórílẹ̀-èdè Japan.

Kí nìdí tí ẹja yìí fi fẹ́ràn koríko omi? Ẹ rántí bí olóńgbò ṣe máa ń lúgọ dè eku. Bí bass náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kì í fẹ́ máa sá kiri lẹ́yìn oúnjẹ. Á fara pa mọ́ sábẹ́ koríko tàbí òṣíbàtà, níbi tí òjìji wà, á sì máa retí kí ẹja kékeré, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí edé kọjá. Bí oúnjẹ bá ti dé iwájú ẹ̀, wàrà ló máa la ẹnu, á sì fa omi àti oúnjẹ wọlé pọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ wà níta ò lè wọnú koríko. Ewé ló máa kọ́, kò ní kọ́ ẹja.

Ekòló tí kì í ṣe ekòló

Lọ́dún 1949, Nick Creme àti ìyàwó rẹ̀ Cosma, tí wọ́n ń gbé nílùú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, bẹ̀rẹ̀ sí í se rọ́bà rírọ̀ nínú ilé ìdáná wọn. Wọ́n á dà á sínú ohun tí wọ́n fi ekòló gidi ṣe àwòrán rẹ̀, títí wọ́n fi rí èyí tó rọ̀, tó sì ń mì nínú omi bí ẹni pé ó wà láàyè. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ wọn kó lọ sílùú Tyler. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so ekòló náà kó má bàa kọ́ koríko ni wọ́n sì fi orúkọ ìpínlẹ̀ yẹn pè: Texas rig. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí:

• Kọ́kọ́ ki okùn bọ inú òjé kékeré tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Kí ibi ṣóńṣó náà wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ.
• So ìwọ̀ mọ́ ẹnu okùn. Ìwọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ ló dáa jù.
• Ki ẹnu ìwọ̀ bọ orí ekòló, kó wọlé díẹ̀, nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kó o wá yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fa ìwọ̀ náà títí orí ekòló á fi dúró sí ọrùn rẹ̀.
• Yí ìwọ̀ náà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ara ekòló, kó o wá ki ẹnu náà bọ inú rọ́bà náà pa dà. Kí ekòló tọ́ gbọọrọ. Tó bá wọ́, ńṣe ni á máa yí po nínú omi.

Bí ẹnu ìwọ̀ bá ti fara pa mọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè gba àárín ewé kọjá láìkọ́ nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹja bá gbé e mì, tẹ́ ẹ sì fa ọ̀pá sókè, ìwọ̀ á gba inú rọ́bà jáde, á sì kọ́ ẹja lẹ́nu.

Bí òjé ṣe máa wúwo tó, koríko ló máa sọ ọ́. Tí koríko bá fọ́nká, gíráàmù mẹ́rin sí méje ti tó. Tó bá nípọn, tó bo ojú omi bí ẹní, ẹ máa nílò òjé tó wúwo tó gíráàmù mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè ráyè wọlé. Ẹ lè fi igi ìtayín há òjé náà mọ́ okùn, kó má bàa fi ekòló sílẹ̀. Okùn náà gbọ́dọ̀ lágbára, torí pé bí ẹja bá ti kọ́, inú koríko ló máa sá sí. Ní ti àwọ̀, ekòló dúdú tàbí búlúù ló dáa tí omi bá dọ̀tí. Tí omi bá mọ́, ẹ lo èyí tó jọ àwọ̀ ewé.

Sùúrù ló ń pa ẹja yìí

Ibi tí èmi àti ọmọ mi ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe ni pé à ń yára fa ìwọ̀. Aládùúgbò wa ti kìlọ̀ fún mi pé ekòló kì í sáré. Ńṣe ni kẹ́ ẹ jù ú sí etí koríko tàbí sínú ihò tó wà láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rì débi tó máa rì dé, kẹ́ ẹ sì tẹjú mọ́ okùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tó bá ń rì lọ́wọ́ ni ẹja máa ń gbé e. Tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, ẹ rọra gbé orí ọ̀pá sókè, kẹ́ ẹ tún jẹ́ kó rì.

Wákàtí méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín wákàtí méjì yẹn ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìwojú mi, ojú rẹ̀ ń bẹ lára okùn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó máa ń sín orúkọ Yorùbá rẹ̀ jẹ. Ó sọ pé òun ò fẹ́ sọ ọ́ nílé torí pé ó máa ń rẹ̀ mí. Mi ò sọ pé kó dákẹ́, mi ò sì tíì gbà á nímọ̀ràn. Mo ń gbọ́.

Lójijì, ó ní: “Dádì, nǹkan ń kan okùn mi! Ó ń ta gbọ́n-gbọ́n!” Mo ní kó rẹ ọ̀pá sílẹ̀, kó ká okùn tó dẹ̀, kó wá fà á sókè pẹ̀lú agbára. Omi hó, koríko gbọ̀n, ẹja náà sì fò sókè. Ìgbà tó fi máa dé ọwọ́ wa, ewé ti wé mọ́ ọn bíi gèlè.

Àmọ́ nígbà tá a fi rúlà wọ̀n ọ́n, íńṣì mẹ́tàlá ni. Ohun tó kéré jù tí òfin Texas fàyè gbà ní ọ̀pọ̀ adágún odò wọn jẹ́ íńṣì mẹ́rìnlá. Ojú ọmọ mi kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ti ń ronú bó ṣe máa gbé ẹja náà fún màmá rẹ̀. Mo wá sọ ohun tí aládùúgbò wa sọ fún mi: nígbà ìrúwé, akọ bass ló máa ń gbẹ́ ìtẹ́ sísàlẹ̀ omi. Tí abo bá ti yé ẹyin tán, á bá tiẹ̀ lọ. Akọ ló máa dúró ti ẹyin, á máa fi ìrù fẹ́ omi sí i, á sì máa lé gbogbo ohun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ dà nù. Kódà tí wọ́n bá ti pa, ó ṣì máa ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà fúngbà díẹ̀. Tí wọ́n bá gbé bàbá náà lọ, àwọn ẹja míì á jẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọ mi wo ẹja náà fúngbà díẹ̀. Ó fi omi rẹ ọwọ́, ó di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, ó sì dá a pa dà sómi. Ó wá béèrè pé: “Ẹ̀yin ńkọ́, Dádì? Ṣé ẹ ò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni?”

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán. Owó tó ń wọlé dín kù, a sì ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ wa. Síbẹ̀, èmi àti ìyàwó mi gbà pé a ò pàdánù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ yín lọ sódò

• Ẹ wádìí òfin ibẹ̀. Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó pẹja. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan bi mí léèrè tèmi ni mo mọ̀!
• Kí ọmọ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kódà tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀.
• Ẹ má ju ekòló rọ́bà tó ti já sínú omi. Kì í jẹrà, ẹja tó bá sì gbé e mì lè kú. Ẹ kó o wálé.
• Ẹ ṣa gbogbo koríko kúrò lára ọkọ̀ ojú omi àti bàtà. Èyí tí wọ́n ń pè ní hydrilla, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti gbé e dé Florida láwọn ọdún 1950. Ìjá rẹ̀ kékeré lè hù, kó sì bo adágún odò míì. Àwa tá a mọ bí koríko omi ṣe dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja lágbègbè Badagry láti ọdún 1984 ò nílò àlàyé púpọ̀.
• Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà, orí bèbè ni kẹ́ ẹ dúró sí. Inú omi tó kún fún koríko ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń pọ̀ sí.

Ó lè má sí bass nínú odò tó wà nítòsí yín, ó sì lè jẹ́ pé ẹja ò tiẹ̀ wù yín pa. Oko lè wà, ọjà lè wà, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè jọ fẹsẹ̀ rìn lè wà. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ má kánjú. Bí ekòló inú koríko yẹn ló ṣe rí: ẹni tó bá ń yára fà á, ọwọ́ òfo ló máa ń bá délé.