Afura Àdágbiná: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Pípààrọ̀ Sẹ́ńsọ̀ Kan tó Fara Sin nínú Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò tán síbi kí ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òǹkàwé yóò ṣe nígbà tó bá ka ọ̀rọ̀ náà tán. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni pípààrọ̀ ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì sẹ́ńsọ̀ lára ọkọ̀ Toyota Camry onísílíńdà 6 tí wọ́n ṣe ní ọdún 1997 sí 2001. Púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Ìdí méjì ni a fi yan iṣẹ́ yìí: ibi tí ohun náà wà ṣòro láti dé, orúkọ rẹ̀ sì ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà.

2. Ìtumọ̀ méjì tí ‘nọ́ọ̀kì’ ní

Lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì wa, bí a bá ní ‘ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì’, ohun tí à ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì náà ti kú. Àwọn irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn, bóyá nítorí pé ọ́ìlì kò tó. Àfi kí a tún un ṣe láti ìpìlẹ̀ tàbí kí a ra òmíràn.

Nọ́ọ̀kì tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣọ́ kì í ṣe èyí. Nínú sílíńdà, iná púlọ́ọ̀gì ni ó yẹ kí ó tan àdàlù epo àti afẹ́fẹ́, kí ọwọ́ iná sì máa ràn láti ibẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, ooru àti ìfúnpọ̀ a máa mú kí apá tí ọwọ́ iná kò tí ì dé gbiná fúnra rẹ̀ lójijì. Agbára tó ti ibẹ̀ jáde a máa lu ògiri sílíńdà, a sì máa dún bí ìgbà tí a ń fi irin kékeré kan irin. Bí ó bá le, tí ó sì pẹ́, ó lè ba písítìnì jẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ikú ẹ́ńjìnnì.

Bí atúmọ̀ bá wá kọ ọ́ pé ‘sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì ti bàjẹ́’, ẹni tó ni ọkọ̀ lè rò pé ẹ́ńjìnnì òun ti nọ́ọ̀kì. Ó lè sáré ta ọkọ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú, tàbí kí ó lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ó pààrọ̀. Àṣìṣe ìtumọ̀ ti di àdánù owó nìyẹn.

3. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

(i) Àdágbiná. A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara ‘dá’ àti ‘gbiná’, bí a ti ṣẹ̀dá ‘àdáṣe’ láti ara ‘dá’ àti ‘ṣe’. Ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì fi ‘nọ́ọ̀kì’ sílẹ̀ fún ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn ti fún un.

(ii) Afura. Èyí ni a dábàá fún sẹ́ńsọ̀ ní gbogbogbòò. A kò mú ‘amòye’, nítorí pé ènìyàn ọlọ́gbọ́n ni ó ń tọ́ka sí. A kò mú ‘olófòófó’ náà, nítorí àbùkù tó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó bá fura kò tí ì dájọ́, ó kàn ń kíyè sí nǹkan ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afura yìí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde bí a bá fún un mọ́ra tàbí tí ó bá gbọ̀n. Jacques Curie àti Pierre Curie ni wọ́n ṣàwárí ìwà yìí lára àwọn òkúta kan ní ọdún 1880. Iná náà ni kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń kà, tí yóò fi dá iná púlọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ kí àdágbiná lè dáwọ́ dúró.

(iii) Ọ̀nà-iná. Èyí ni gbogbo ibi tí iná ń gbà láti ara afura dé kọ̀ǹpútà: wáyà, ìsopọ̀ àti afura fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ohun tí àmì P0325 ń sọ ni pé ọ̀nà-iná afura àdágbiná kìíní kò dára; P0330 ń sọ bákan náà nípa ti èkejì. Kò sí èyí tó sọ nínú méjèèjì pé afura ni ó bàjẹ́. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mú kí òǹkàwé tú ẹ́ńjìnnì nítorí wáyà kan tó gé.

4. Àpẹẹrẹ ìlànà iṣẹ́

Sílíńdà ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ ọ̀wọ́ méjì, mẹ́ta ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àárín ọ̀wọ́ méjèèjì ni àwọn afura náà wà, lábẹ́ páìpù ẹlẹ́ka tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. A lè kọ ìlànà náà báyìí:

(a) Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Kọ́kọ́ yẹ wáyà tó hàn síta wò.
(b) Tú ẹsẹ̀ bátìrì tó jẹ́ ti òdì. Dẹ agbára epo inú páìpù, má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí.
(d) Fa omi rédíétọ̀ jáde. Kọ àmì sí ara wáyà àti rọ́bà kọ̀ọ̀kan kí o tó yọ ọ́.
(e) Tú apá òkè páìpù ẹlẹ́ka, lẹ́yìn náà kí o tú apá ìsàlẹ̀. Fi aṣọ mímọ́ dí ojú ihò, kí nọ́ọ̀tì má baà já sínú sílíńdà.
(ẹ) Yọ afura. Nu ojú ibi tó jókòó sí títí yóò fi mọ́. Yẹ wáyà abẹ́ páìpù wò pẹ̀lú, nítorí ooru a máa mú un gbó.
(f) Fi afura tuntun sí i, kí o sì dè é níwọ̀n.
(g) Fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, dá gbogbo rẹ̀ padà, da omi sí i, kí o sì pa àmì náà rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà.

Ó dára kí ẹni tó bá ti tú páìpù náà pààrọ̀ afura méjèèjì pọ̀, nítorí wàhálà dídé ibẹ̀ ju iṣẹ́ pípààrọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

5. ‘Dè é le’ àti ‘dè é níwọ̀n’

A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ‘dè é le dáadáa’ ní (f). Lẹ́nu wa, ohun tó bá le ni ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá de afura àdágbiná jù, tàbí tí a kò dè é tó, gbígbọ̀n tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, ìròyìn rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ìwé ìlànà ọkọ̀ ni yóò sọ ìwọ̀n náà, sípánà oníwọ̀n ni a ó sì fi dè é. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí kàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà nílò àbójútó.

6. Ìkádìí

A kò sọ pé kí mẹkáníìkì gbàgbé ‘sẹ́ńsọ̀’. Ohun tí a ń sọ ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ àyálò ti ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ènìyàn, àyálò nìkan kò tó. Kí àwa olùkọ́ àti atúmọ̀ gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, kí a kà wọ́n sí wọn létí, kí a sì wo ohun tí ọwọ́ wọn yóò ṣe. Bí ọwọ́ bá lọ síbi tó yẹ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dára.