Yóga lórí ebè iṣu

Ṣé ẹ mọ̀ pé àjàgà ló wà nídìí orúkọ yóga? Nínú èdè Sánsíkíríìtì ti ilẹ̀ Íńdíà, "yuj" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fa yóga yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí á so nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ túlẹ̀. "Yoke" tí àwọn Òyìnbó ń pe àjàgà, orísun kan náà ló ti wá.

Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ yìí ju gbogbo àwòrán orí Instagram lọ, níbi tí ọmọge kan ti ká ẹsẹ̀ kọ́rùn létí òkun. Àwòrán wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa rò pé eré àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni yóga. Ní Ìjió níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà, lápá ibodè Benin, ọwọ́ kì í dilẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo là ń gbìn, ẹni tó bá sì ti fi ọkọ́ kọ ebè rí mọ̀ pé orí ìbẹ̀rẹ̀ lèèyàn máa ń wà láti àárọ̀.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mi ò kọ ebè mọ́ o. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò sì mọ ohun tí mò ń lé gan-an níbí. Ẹ jẹ́ n máa lọ sí Èkó." Ọ̀rọ̀ ohun tó ń lé yẹn ló ká mi lára ju ti ẹ̀yìn lọ. Bàbá wa ti dàgbà. Bí àwọn náà bá ju ọkọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko sí látìgbà bàbá wọn máa di igbó nìyẹn.

Mo ti ń kà nípa yóga tipẹ́. Kí n tó dá a lábàá fún un, mo lọ wo ohun tí ìwádìí sọ. Ní 2017, Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, gbé àbọ̀ jáde lórí yóga àti ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́ lára. Ìwádìí 12 ni wọ́n kó jọ, èèyàn 1,080 ló kópa nínú wọn. Èsì rẹ̀ kò pariwo rárá: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà, àwọn tó ṣe yóga lè lo ẹ̀yìn wọn dáadáa díẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá kankan lọ. Bóyá ó sàn ju eré ìdárayá mìíràn, wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ẹ̀yìn tún dùn sí i. Amẹ́ríkà, Íńdíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe àwọn ìwádìí náà. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní oko iṣu. Nítorí náà, mi ò ṣèlérí ìwòsàn fún àbúrò mi.

Mímí ló dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ mí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń fa èémí sínú, ọkàn á yára díẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u jáde, á rọra. Iṣan kan tó ń jẹ́ vagus, tó gba ọrùn kọjá láti inú ọpọlọ dé ọkàn títí dé ìfun, ló ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì. Ní 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nínú ìwé ìròyìn BMJ nípa èèyàn 23 tí ara wọn le. Wọ́n ní kí wọ́n ka àdúrà rosary àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn, wọ́n tún ní kí wọ́n ka mantra yóga. Méjèèjì ló mú kí mímí wọn lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn.

Ẹ kíyè sí i: àdúrà Kátólíìkì kan, ọ̀rọ̀ Íńdíà kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní òrìṣà wà nínú yóga. Mi ò ní parọ́, inú àwọn ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà ló ti dàgbà, ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò nílò ẹ̀sìn kankan láti ka 4 bí ẹ ti ń fà á sínú, kí ẹ sì ka 6 bí ẹ ti ń tú u jáde. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà mẹ́jọ ni Patanjali, tó kó ẹ̀kọ́ yóga jọ láyé àtijọ́, là sílẹ̀. Ìdúró ara tí gbogbo ayé mọ̀ wà ní ìkẹta. Ìwà ló ṣíwájú: má purọ́, má jalè, ní ìtẹ́lọ́rùn, faradà á. Ìkẹfà ni kí ọkàn dúró sójú kan, èyí gan-an sì ni wàhálà wa. Ní 2010, Killingsworth àti Gilbert fi fóònù béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà 2,250 ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rò lásìkò yẹn. Nínú ìdáhùn 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47 tí ọkàn ti wà níbòmíràn, inú wọn kì í sì í dùn tó bí ọkàn bá ti rìn lọ.

Bàbá wa ò gbọ́ yóga rí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ ebè dé òpin poro kan, wọ́n á nàró, wọ́n á fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n á sì mí kanlẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Wọ́n ní, "Rárá o. Mò ń wo èyí tí mo ti kọ ni."

Ohun tí èmi àti àbúrò mi jọ gbà nìyí. Fóònù á wà nínú ahéré. Bí a bá dé òpin poro, a ó nàró, a ó mí díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, òun á sì sọ ohun tí poro yẹn wà fún. Ó ní ọgbọ̀n ebè àkọ́kọ́, owó fọ́ọ̀mù JAMB ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, ti jíjẹ ilé. Lọ́sàn-án, ó nà gbalaja sábẹ́ igi, ìyá wa sì béèrè orúkọ tí à ń pe irú ìyẹn. Mo ní àwọn ará Íńdíà ń pè é ní ìdùbúlẹ̀ òkú. "Kò ní rí bẹ́ẹ̀ o! Ìwọ, dìde nílẹ̀ níbẹ̀!" Látìgbà náà, ìsinmi là ń pè é.

Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún lálẹ́, àmọ́ ó ní kò tó ti tẹ́lẹ̀. Èèyàn kan péré lèyí o, kì í ṣe ìwádìí. Ó ti parí ebè JAMB. Poro tó wà lórí rẹ̀ báyìí, nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó wà fún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó mọ́tò Èkó ni.