Ìdí Tí Ṣọ́kì Iwájú Fi Ń Tètè Bàjẹ́ Lára Ọkọ̀ Tí A Rẹ̀ Sílẹ̀: Àyẹ̀wò Kan láti Agbègbè Agboyi àti Kétu

1. Ìfáàrà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìṣòro kan tí ó ń ná àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì tí ó wà láàárín Kétu àti Máìlì 12 ní owó àti àkókò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wọ ọgbà mẹkáníìkì, iwájú rẹ̀ ń jó bí ó bá ti gun bọ́ǹpù. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ṣọ́kì iwájú ti kú. Wọ́n ra òmíràn, wọ́n fi sí i. Kò ju oṣù mélòó kan lọ, ọkọ̀ náà tún padà wá pẹ̀lú àìsàn kan náà. Awakọ̀ a ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún òun. Mẹkáníìkì a ní títì ni kò dára. Ẹni tí ó ta ọjà a ní wọn kò mọ̀ ọ́n fi sí i ni. Òtítọ́ díẹ̀ lè wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ ni, yálà nítorí oge tàbí nítorí pé sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ lábẹ́ ẹrù, kì í ṣe ṣọ́kì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ní ọ̀daràn. Gíga ọkọ̀ náà sílẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ṣọ́kì láì wo sípíríǹgì, ó ti sanwó ìdajì iṣẹ́, yóò sì tún san án lẹ́ẹ̀kejì.

Agbègbè tí a mú ṣe àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí ó rọ ọkọ̀ lọ́rùn. Agboyi fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú Àwórì tí omi yí ká. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń wọlé tí wọ́n fi ń jáde, ẹni tí ó bá sì ní mọ́tò nínú wọn, apá Kétu ni yóò gbé e sí. Láti 2003 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti so orúkọ Agboyi àti Kétu pọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ wálẹ̀, odò Ògùn kò sì jìnnà sí i. Ipa tí omi yìí ń ní lórí ṣọ́kì yóò hàn níwájú.

2. Ohun tí ṣọ́kì ń ṣe

Nínú ọgbà mẹkáníìkì, "ṣọ́kì" ni wọ́n sábà máa ń pe gbogbo òpó tí ó dúró láàárín táyà iwájú àti ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lára òpó náà, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ sì ni ìpìlẹ̀ àṣìṣe tí a ń sọ yìí. Èkíní ni sípíríǹgì, irin tí a ká bí ejò, tí ó ru ìwúwo ọkọ̀. Èkejì ni ṣọ́kì gan-an, ìyẹn àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pá irin dídán kan ń wọ̀ tí ó sì ń jáde. Ṣọ́kì kì í ru ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ijó sípíríǹgì. Bí táyà bá kọlu kòtò, sípíríǹgì a sún kì, a sì fẹ́ ta padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ́ìlì tí ó ní láti gba ihò kékeré kọjá nínú ṣọ́kì ni kì í jẹ́ kí ó ta bí ó ti fẹ́. Agbára ijó náà a di ooru, ooru a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Lókè ọ̀pá yìí ni rọ́bà kékeré kan wà tí ó ń gba ìkọlù nígbà tí ọ̀pá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, a sì máa ń ní ìbọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí eruku dé ara ọ̀pá. Ìdí ọ̀pá, níbi tí ó ti ń wọ àgbá, ni síìlì wà, òun ni ó ń dá ọ́ìlì dúró.

Earle MacPherson, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Ford, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú òpó yìí. Ara ọkọ̀ Ford Consul àti Zephyr ni ó ti jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950. Ní Nàìjíríà, Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Àwọn Toyota Corolla àti Camry tòkunbọ̀ tí wọ́n pọ̀ ní ìgboro Èkó lónìí, irú òpó kan náà ni ó wà níwájú wọn.

3. Bí rírẹ̀ sílẹ̀ ṣe ń pa á

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ fi ń relẹ̀ níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ wọn lè jókòó sórí táyà bí ti eré ìdíje. Àwọn mìíràn kì í gé e, iná gáàsì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ títí yóò fi dẹ̀; èyí burú ju gígé lọ, nítorí pé irin tí iná bá ti ba líle rẹ̀ jẹ́ kò ní yé relẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó sì pọ̀ jù, ni ti sípíríǹgì àtijọ́ tí ó rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ rárá pé ọkọ̀ òun ti relẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé sípíríǹgì tí wọ́n gé le jù, líle rẹ̀ ni ó sì ń pa ṣọ́kì. Àlàyé yìí kò jinlẹ̀ tó. Bí sípíríǹgì kan bá ní ìká 6 tí ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì gé 1 kúrò, líle rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n agbára tí ṣọ́kì nílò láti pa ijó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i; kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ṣọ́kì tí ó pé lè fara da ìyẹn. Ohun tí kò lè fara dà ni àìsí àyè.

Ká sọ pé ọ̀pá ṣọ́kì ní àyè sẹ̀ntímítà 8 láti ibi tí ó wà nígbà tí ọkọ̀ dúró títí dé ibi tí yóò ti kan rọ́bà. Bí wọ́n bá rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 4, ìdajì àyè ti lọ ṣáájú kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Kòtò kò sì dín kù nítorí pé ọkọ̀ relẹ̀. Agbára kan náà tí táyà gbé wá ni ó ní láti tán láàárín ìdajì ọ̀nà, ipá tí yóò dá a dúró yóò sì di ìlọ́po méjì. Bí kò bá tán, ọ̀pá a kan rọ́bà; bí rọ́bà bá ti jẹ tán, tàbí tí ẹni tí ó pààrọ̀ ṣọ́kì ṣáájú ti sọ ọ́ nù nítorí pé kò mọ ìlò rẹ̀, irin a kan irin nínú àgbá. Ìró "gbàgà" tí awakọ̀ ń gbọ́ nígbà náà ni ti ṣọ́kì tí àwọn ihò inú rẹ̀ ń fọ́. Kò sí ṣọ́kì tuntun kan, ì báà ti ilẹ̀ Jámánì wá, tí yóò pẹ́ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ìyà mìíràn ń bẹ lára gígé. Abọ́ tí sípíríǹgì jókòó lé ní ìkángun kan tí wọ́n ṣe fún orí sípíríǹgì bí ó ti ti ilé iṣẹ́ wá. Orí tí wọ́n fi gáàsì gé kì í bá ìkángun náà mu. Sípíríǹgì a wá jókòó ní wọ́rọ́kọ́, a sì máa ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan dípò kí ó tì í wálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀gbẹ́ kan síìlì ni yóò jẹ, ọ́ìlì a sì gba ibẹ̀ jáde.

Àwọn awakọ̀ kan a máa di ẹ̀bi ru ẹrù ọjà Máìlì 12: apẹ̀rẹ̀ tòmátì, àpò ata, iṣu. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò bá ibi tí ẹrù wà mu. Inú bọ́ọ̀tù ni ẹrù ń wà, orí táyà ẹ̀yìn ni ó sì ń tẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ṣe ń wúwo ni iwájú ń fúyẹ́. Ẹrù bọ́ọ̀tù lè pa ṣọ́kì ẹ̀yìn, kò sì dára fún bíréèkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó rẹ iwájú sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ẹrù iwájú, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀.

4. Omi àti ọ̀pá ṣọ́kì

Odò Ọyán ń ṣàn wọ inú odò Ògùn. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí ìsédò Ọyán ni ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ibẹ̀ ti ń kan àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò. Ní 2010, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni omi náà lé kúrò nílé ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn. Ọkọ̀ tí ó bá wọ́ irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ ni ó ń rù bọ̀ lábẹ́.

Apá òkè ọ̀pá ṣọ́kì, èyí tí kì í sábà wọ àgbá nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní gíga rẹ̀, ni ẹrẹ̀ àti omi ń bá jà. Bí ìbọ̀ rọ́bà bá ti ya, ìpẹtà a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ojú irin dídán a sì di gbágungbàgun. Bí ọkọ̀ bá wà ní gíga rẹ̀, ìpẹtà yìí lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé kì í dé ọ̀dọ̀ síìlì. Ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ni apá òkè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú síìlì kọjá. Ó wá dà bí ẹni pé a ń fi ayùn fa rọ́bà. Ìdí nìyí tí ṣọ́kì tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gé sípíríǹgì, tí ẹni tí ó gé e yóò sì máa búra pé òun kò fọwọ́ kan ṣọ́kì.

Fún ìdí kan náà, mẹkáníìkì tí ó bá fi píláyà di ọ̀pá mú nígbà tí ó ń de nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ ti pa ṣọ́kì tuntun náà ṣáájú kí ó tó dé abẹ́ ọkọ̀. Ojú eyín píláyà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó tó láti gé síìlì.

5. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Kí ẹnikẹ́ni tó tú bọ́ọ̀tì kan, kí ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó wọn láti àárín gbùngbùn táyà dé etí ara ọkọ̀ lókè rẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí tí wọ́n kúrú ju ti ọkọ̀ irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, sípíríǹgì ni ọ̀rọ̀ kàn. Kí ó wá wo orí sípíríǹgì bóyá ó jọ èyí tí wọ́n gé. Títẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ kò ju pé ṣọ́kì ti kú lọ; kò sọ ohun tí ó pa á.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan, tí ó sì sọ ju ìyẹn lọ. Kí a so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀pá ṣọ́kì, kí a fà á wálẹ̀ títí yóò fi kan orí àgbá, kí a sì wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà tí ó ń gbà lójoojúmọ́. Àgbá yóò ti òwú náà sókè dé ibi tí ìrìn rẹ̀ gùn dé. Bí a bá dé, tí òwú náà sì ti lọ lẹ̀ mọ́ rọ́bà lókè, àyè kò sí, ṣọ́kì tuntun kò sì ní ṣàǹfààní.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìró kọ́ ni ti ṣọ́kì. Èyí tí ó ń dún nígbà tí a bá ń yí sítíárì lójú kan, rọ́bà orí òpó àti bẹ́árìnì rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ó ń dún wẹ́wẹ́ lórí títì gbágungbàgun, línkéèjì ni kí a kọ́kọ́ mì wò.

Ní ti àtúnṣe, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun wà nílẹ̀ dandan ní láti ra sípíríǹgì tí wọ́n ṣe kúrú láti ilé iṣẹ́ àti ṣọ́kì tí àgbá rẹ̀ kúrú bá a mu. Owó ńlá ni, títì Kétu kò sì yẹ fún un. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni láti dá sípíríǹgì tí ó tọ́ sí ọkọ̀ náà padà, méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú ṣọ́kì méjì, rọ́bà tuntun àti ìbọ̀ tuntun. Fífi rọ́bà há àárín ìká sípíríǹgì láti gbé ọkọ̀ sókè kì í ṣe àtúnṣe. Ṣe ni ó ń pa ìká tí ń ṣiṣẹ́. Irin tí a fi ń di sípíríǹgì mú ni kí wọ́n lò nígbà tí wọ́n bá ń tú u, nítorí pé sípíríǹgì tí ó bá ta lójijì lè pa ènìyàn. Àwọn bọ́ọ̀tì áàmù ìsàlẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni kí wọ́n tó dè wọ́n pinpin; bí wọ́n bá dè wọ́n lórí jáàkì, rọ́bà inú wọn yóò máa lọ́ títí yóò fi ya. Lẹ́yìn náà ni aláímẹ́ǹtì. Kí a sì tún so òwú mọ́ ọ̀pá, kí a wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.