Bí A Ṣe Ń Yan Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà



Àgbàrá òjò kò mọ ààlà. Bí àgbẹ̀ kan bá kọ ebè rẹ̀ dábùú ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, kí omi má baà wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí aládùúgbò rẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lókè kọ ebè tirẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, omi òkè ni yóò já ebè ti ìsàlẹ̀. Òjò ńlá kan ṣoṣo tó láti kó iṣẹ́ ọdún kan lọ sínú odò. Ìdí nìyí tí àwa òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn fi máa ń sọ fún yín pé ìtọ́jú ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kò sì lè dúró láìní àwọn tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀.

Ta ni yóò ṣe àkóso náà? Ta ni yóò sì yàn wọ́n? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìwé pélébé yìí fẹ́ dáhùn. A ó mú àpẹẹrẹ wa láti Amẹ́ríkà, nítorí pé ó ti lé ní 80 ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń yan ìgbìmọ̀ fún ìtọ́jú ilẹ̀ agbègbè wọn, àṣeyọrí wọn àti àléébù wọn sì hàn sí gbogbo ènìyàn.

OHUN TÍ Ó FA ÒFIN NÁÀ

Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ọ̀dá dá ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ ti tú koríko tí ó bo pápá títẹ́jú Kansas, Oklahoma, Texas àti Colorado, wọ́n sì ti gbin àlìkámà sí i. Nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí kò sì sí gbòǹgbò tí yóò di erùpẹ̀ mú, ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1934, ìjì eruku kan gbéra láti inú pápá wọ̀nyí, ó sì dé New York àti olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ lórí òkun pàápàá rí eruku náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé fi oko wọn sílẹ̀, wọ́n sì di aláìnílé.

Ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Hugh Hammond Bennett, ọmọ agbègbè Anson ní ìpínlẹ̀ North Carolina, tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń kìlọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣàn lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1935, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin ìtọ́jú ilẹ̀, Bennett sì di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí a dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ kò lè jókòó sí olú-ìlú kí ó máa pàṣẹ bí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe túlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù kejì ọdún 1937, Roosevelt kọ ìwé sí àwọn gómìnà, ó sì fi àwòṣe òfin kan ránṣẹ́ sí wọn, pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn dá agbègbè ìtọ́jú ilẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún náà, a dá ti Brown Creek sílẹ̀ ní Anson, ìlú ìbí Bennett. Òun ni àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1945, gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tí ó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni ó ti ṣe irú òfin yìí. Lónìí, irú agbègbè bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 3,000.

MẸ́TA NÍPA ÌBÒ, MÉJÌ NÍPA ÌYÀNSÍPÒ

Ohun tí àwòṣe òfin náà là sílẹ̀ nìyí. Àwọn àgbẹ̀ 25 yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yóò pe ìpàdé gbangba, níbi tí ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́ yóò ti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ń lo ilẹ̀ náà yóò dìbò bóyá kí a dá agbègbè sílẹ̀ tàbí kí a má dá a. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gún, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yóò yan ènìyàn méjì tí ó ní ẹ̀kọ́ àti ìrírí nípa iṣẹ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ yóò sì fi ìbò yan mẹ́ta láàárín ara wọn. Àwọn márààrún ni ìgbìmọ̀. Wọn kì í gba owó oṣù. Owó tí wọ́n bá ná sórí iṣẹ́ nìkan ni a ń dá padà fún wọn.

Èé ṣe tí a fi pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀? Àwọn baba wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹni tí àwọn ènìyàn fi ìbò yàn mọ oko, ó mọ olóko, a sì fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn tí ìbò gbé wọlé tí ó mọ bí a ti ń wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, tàbí bí a ti ń tọ́jú ìwé owó. Ìyànsípò ni ó ń dí àlàfo yìí. Ẹ sì ṣàkíyèsí iye náà: mẹ́ta ju méjì lọ. Àwọn onímọ̀ lè dá ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tí àwọn àgbẹ̀ dìbò fún ni ìpinnu wà.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É NÍ ÌPÍNLẸ̀ WASHINGTON

Ìpínlẹ̀ Washington wà ní ìwọ̀-oòrùn jíjìnnà, létí òkun. Kì í ṣe olú-ìlú tí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, orí òkè kéékèèké ni wọ́n ti ń gbin àlìkámà, omi sì ti kó ọ̀pọ̀ erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ọdún 1939 ni wọ́n ṣe òfin tiwọn, wọ́n sì di ètò mẹ́ta àti méjì mú títí di òní. Nínú àwọn mẹ́ta tí a dìbò yàn, méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ onílẹ̀ tàbí ẹni tí ń dáko.

Ọdún mẹ́ta ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń lò. Ipò kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ni a ń dìbò fún lọ́dọọdún, kí ó má baà jẹ́ pé gbogbo àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yóò jáde lọ́jọ́ kan náà. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ni wọ́n ń ṣe ìdìbò. Ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ pinnu ọjọ́, wákàtí àti ibi tí a ó ti dìbò, wọn yóò sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn olùdíje yóò fi orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tí a dá tó kọjá. A ó yan alábòójútó ìdìbò. Nígbà tí a bá ka ìbò tán, ìgbìmọ̀ agbègbè kọ́ ni yóò fi òǹtẹ̀ lu èsì náà. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni ń yan àwọn méjì ìyókù.

ÀLÉÉBÙ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè jáde nílé wá dìbò. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn tí ń dìbò yìí kì í tó ẹnìkan nínú 100 àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́. Ìdìbò náà dá dúró lọ́tọ̀ sí ìdìbò gbogbogbòò, ìgbà òtútù ni ó sì ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rárá pé ìdìbò wà. Ní North Carolina, inú ìwé ìdìbò gbogbogbòò ti oṣù kọkànlá ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn olùdíje sí, nítorí náà ẹni tí ó wá dìbò fún àwọn ipò mìíràn yóò rí orúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwòṣe òfin ọdún 1937 ka àgbẹ̀ tí ó yá ilẹ̀ lò mọ́ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ẹ̀tọ́ náà mọ sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀. Ní Texas, onílẹ̀ nìkan ni ń dìbò. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàrá kì í bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ kí ó tó wọ oko.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ní ọdún 1935 kan náà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin ìtọ́jú ilẹ̀ ni òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ àṣà ẹgbẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan. Síbẹ̀, mo ti bá wọn wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ yan ìgbìmọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n kéde rẹ̀, ọjọ́ ìpàdé náà sì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Nínú ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lé ní 60, àwọn 11 ni ó wá. Gbogbo ìgbìmọ̀ wá láti agbo ilé kan ṣoṣo. Nígbà tí a fẹ́ gbẹ́ kòtò tí yóò darí àgbàrá kúrò lójú oko, oko agbo ilé náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyókù kò jáde fún iṣẹ́ mọ́, kòtò náà sì dúró ní agbede méjì. Nígbà tí òjò dé, omi jáde níbi tí kòtò ti parí, ó sì gba inú oko ẹ̀gẹ́ ìyá àgbàlagbà kan kọjá. Kò sí ẹni tí ó pe ìyá náà sí ìpàdé.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ yan ìgbìmọ̀ fún ìtọ́jú ilẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ kéde ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó kéré tán, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti níbi tí a ti ń wọn kòkó. Bí òfin ẹgbẹ́ yín bá dá ọjọ́ tí ó ju èyí lọ, òfin ẹgbẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe fi í sí ọjọ́ ọjà.

2. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń dáko ní ibi tí omi náà ń gbà kọjá. Ẹ má yọ àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì yọ àwọn obìnrin tí ó ní oko sílẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí olóko òkè àti olóko ìsàlẹ̀ ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀.

4. Bí ẹ bá fẹ́ yan onímọ̀ mọ́ wọn láìdìbò, ó dára. Ṣùgbọ́n kí iye wọn má ṣe tó ti àwọn tí ẹ dìbò yàn.

5. Ẹni tí ó ń díje kò gbọdọ̀ ka ìbò. Ẹ pe ẹlòmíràn tí gbogbo yín fọkàn tán.

6. Ẹ má ṣe pààrọ̀ gbogbo ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín ọdún wọn kí ẹni àtijọ́ lè kọ́ ẹni tuntun.

7. Ẹ kọ iye ìbò tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ sì kà á sókè kí ìpàdé tó túká.

Ẹni tí a kò pè nígbà tí a ń yan ìgbìmọ̀, ó ṣòro kí a tó rí i nígbà tí a bá gbé ọkọ́ dání. Kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe ìpàdé yín, kí ẹ sì pe gbogbo ènìyàn sí i. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹni tí yóò bójú tó ìbò kíkà, tàbí ẹni tí yóò fi bí a ti ń wọn ilẹ̀ hàn yín, ẹ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní agbègbè yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, yóò sì wá.